Ilé Tí Wọ́n Kùn Nígbà Ọyẹ́: Àkọsílẹ̀ Àyẹ̀wò Ilé Kan ní Àbújá

Tọkọtaya tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ti gbé ilé háyà ní Kubwa fún ọdún gbọọrọ kí wọ́n tó rí owó ilé kó jọ. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ọkọ ń ṣe, ìyàwó ń ta aṣọ ní ọjà Wuse. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà làwọn méjèèjì, àmọ́ Kàdúná ni ìyàwó gbé dàgbà, Hausa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Owó ọwọ́ wọn jẹ́ owó kọ́ọ́pù ibi iṣẹ́ ọkọ, èrè ọjà ọdún púpọ̀, àti owó ilẹ̀ kan tí wọ́n tà nílé. Bí owó yẹn bá ṣìnà, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ilé tí wọ́n rí jẹ́ bọ́ńgálò oníyàrá mẹ́ta, nínú ẹ́sítéètì kékeré kan ní apá Lokogoma. Onílé fẹ́ kó ẹbí rẹ̀ lọ sí Kánádà, ó sì fẹ́ gba owó rẹ̀ kó tó lọ. Iye tó dá lé e rẹlẹ̀ sí ti àwọn ilé tó yí i ká. Ejẹ́ǹtì ní ìrìn-àjò ló fa ẹ̀dínwó. Oṣù January ni, ọyẹ́ mú, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Wọ́n ti kun ilé náà tinú tòde, táìlì ń dán, POP òkè pálọ̀ rẹwà, kábíńẹ́ẹ̀tì sì yí gbogbo kíṣíìnì ká. Ìyàwó ti mọ ibi tí yóò gbé fíríìsà sí.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ ilé wò fún àwọn tó fẹ́ rà á. Nígbà tí ọkọ pè mí, ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn bá wa fojú kàn án ni o. A ti fẹ́ràn ilé náà. Lọ́jọ́ Ẹtì la fẹ́ san díẹ̀ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbà á mọ́ wa lọ́wọ́."

Mo ní kí kọ́bọ̀ má tíì kúrò lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá ti san díẹ̀ sílẹ̀ kì í lè yẹ ilé wò mọ́. Owó tó ti sọ sílẹ̀ ni yóò máa gbèjà, gbogbo àléébù tí a bá fi hàn án ni yóò sì máa wá àwáwí fún. Mo ti rí i lọ́dọ̀ àwọn tó kàwé, mo ti rí i lọ́dọ̀ àwọn tí kò kàwé. Wọ́n gbà láti dúró, inú wọn kò sì dùn.

Ẹ̀yìnkùlé la ti bẹ̀rẹ̀

Ejẹ́ǹtì a máa mú èèyàn gba iwájú wọlé, a sì jẹ́ kó pẹ́ ní pálọ̀. Èmi, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ, nítorí ibẹ̀ ni owó ọ̀ṣọ́ kì í dé.

Eruku ọyẹ́ ti bà sára ògiri iwájú àti ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àwọ̀ ọ̀dà wọn ti ṣú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri ẹ̀yìn, láti ilẹ̀ dé ìbàdí èèyàn, mọ́ tónítóní. Ó túmọ̀ sí pé lẹ́yìn tí wọ́n kun ilé tán, wọ́n tún padà wá kun ibẹ̀ nìkan. Ta ni yóò kun ìdajì ògiri láìnídìí? Mo fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ họ ọ́ díẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀. Ọ̀dà náà ṣí bí èèpo, ìyẹ̀fun funfun sì ya lulẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Iyọ̀ inú ilẹ̀ àti inú sìmẹ́ǹtì ni ìyẹ̀fun yẹn. Omi ló máa ń gbé e gòkè nínú búlọ́ọ̀kù. Bí omi bá gbẹ, iyọ̀ a ṣẹ́kù sójú ògiri. Bí ẹ bá rí i nígbà ọyẹ́, ẹ mọ̀ pé nígbà òjò, ògiri yẹn rin gbingbin.

Ní kọ̀rọ̀ òsì ẹ̀yìn ilé, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lé ara ògiri kí ìmọ́lẹ̀ lè yọ́ gba orí rẹ̀ kọjá. Bí a bá tan iná tààrà, ohun tí wọ́n dí kì í hàn. Bí a bá tàn án láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo ibi tó ga àti ibi tó kún a yọ òjìji. Ibẹ̀ ni mo ti rí ojú sísán kan tí wọ́n ti fi ìlẹ̀pa dí, tó bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé, tó ń gun òkè lọ ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ títí dé abẹ́ páànù. Nísàlẹ̀, fọ́nrán irun ló tó. Lókè, ìka kékeré mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ ọ́. Mo wọ yàrá inú lọ, mo ká kọ́tìnnì kúrò, mo bá èkejì rẹ̀ ní ọ̀gangan ibẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ògiri tó sán ló léwu. Pílásítà tí kò mu omi tó nígbà tí wọ́n rẹ́ ẹ máa ń sán wẹ́wẹ́, ọ̀dà nìkan tó o. Ṣùgbọ́n èyí tó bá la búlọ́ọ̀kù já sínú, tó gba ẹ̀gbẹ́ gòkè láti igun fèrèsé tàbí igun ilẹ̀kùn, tó fẹ̀ lókè tó tín-ín-rín nísàlẹ̀, ó ń sọ pé apá kan ilé ń rì, apá kejì kò bá a lọ.

Ejẹ́ǹtì rí i pé mo dúró pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Injiníà, ẹ má jẹ́ kíyẹn dà yín láàmú rárá. Ìgbà tí Mpape mì ló ṣe é. Ṣebí gbogbo Àbújá ló mì."

Òótọ́ ni pé ilẹ̀ mì. Oṣù September 2018 ni, Mpape ló ti le jù, àwọn ará Maitama àti Gwarinpa náà sì mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó wà ní ìlú yìí nígbà náà kò lè gbàgbé. N kò bá a jiyàn. Mo kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé bó ṣe sọ ọ́, mo sì kọ "2018" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nínú ilé, wọ́n ti fi pléènì fá orí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn kó lè pa dé. Férémù ló ti wọ́, ilẹ̀kùn kò ṣẹ̀. Mo gbé bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì sórí táìlì láàárín yàrá, mo fi í sílẹ̀. Ó dúró díẹ̀, ó sì rọra yí lọ sí kọ̀rọ̀ òsì kan náà. Ìyàwó wò ó títí ó fi kan ògiri. Kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn lọ, kò sọ̀rọ̀ fíríìsà mọ́.

Àwọn àléébù tó kù, mo kàn kọ wọ́n sílẹ̀ ni. Wáyà tó lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì jẹ́ 1.5mm níbi tó yẹ kó jẹ́ 2.5mm, kò sì sí wáyà ilẹ̀ (earth). Ikán ti la ọ̀nà gba ẹ̀yìn wọ́dúróòbù. Táìlì ilé ìwẹ̀ dún òfìfo lábẹ́ ìka ní ibi mélòó kan. Gbogbo ìwọ̀nyí ṣeé tún ṣe, wọ́n sì ṣeé dá iye lé.

Sókàwè, kòtò tí omi ìdọ̀tí ilé ń gbà wọ inú ilẹ̀ lọ, ló tún fún mi ní ìrònú. A ṣí ìdérí rẹ̀, omi kún un dé etí nínú January, nígbà tí òjò kankan kò ti rọ̀ láti oṣù October. Sókàwè tó bá kún nígbà ẹ̀rùn, ilẹ̀ tó yí i ká ni kò mu omi. Mo wọn ibẹ̀ dé ojú bòhóòlù, kò ju mítà mẹ́sàn-án lọ. Mítà 30 la máa ń fẹ́ kó wà láàárín méjèèjì. Mo ní kí wọ́n má fi omi yẹn bu ẹnu títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò ní láàbù.

A bu omi lé ilé lórí

Ìṣòro ńlá tó wà nínú ríra ilé ní Àbújá láàárín November sí March ni pé ilé kò lè sọ tẹnu rẹ̀. Láti April ni òjò ń bẹ̀rẹ̀, August àti September ló ń le jù. Ní gbogbo oṣù tó kù, àjà tó ń jò ti gbẹ, ògiri tó ń rin ti gbẹ, ọ̀nà tó máa ń di odò jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ lásán. Onílé tó bá gbọ́n, ìgbà yẹn ló ń kun ilé tà. Bí òjò kò bá sí, àwa la gbọ́dọ̀ gbé omi wá.

Òrùlé ilé náà jẹ́ oní-páràpẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí ògiri yọ gòkè bo páànù, tí gọ́tà kọ́ńkéré sì wà nínú. Ojú rẹ̀ ń fani mọ́ra, ṣùgbọ́n omi òjò kò ní ibòmíràn tí yóò gbà ju ihò páìpù méjì tàbí mẹ́ta lọ. Mo ní ká dí ihò wọ̀nyẹn, ká bu omi kún gọ́tà, ká sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Onílé bínú. Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ ba ilé mi jẹ́ ni?"

Ìyàwó ló dá a lóhùn, ó sì fi sùúrù sọ ọ́. "Ẹ má bínú, sà. Bí a bá rà á tán, òjò náà ṣì máa rọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣí ọ̀nà. Omi bòhóòlù kò lágbára, nítorí náà àwọn mẹ́rúwà ló ti jálákàn omi wá, a sì ń fà á gòkè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òrùka àwọ̀ tíì ti yọ lára POP yàrá ńlá, ní ọ̀gangan ibi tí páìpù ti gba inú kọ́ńkéré kọjá. Rọ́bà dúdú tí wọ́n yọ́ mọ́ ojú gọ́tà ti ya níbẹ̀. Páìpù náà kéré, iyanrìn sì ti dí i dé ìlàjì.

Ejẹ́ǹtì tètè gbé ẹ̀dínwó wá. Inú ọkọ dùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i? Ká kàn yọ owó àtúnṣe kúrò nínú owó ilé, ká parí ẹ̀."

Ó sún mọ́ òtítọ́. Òrùlé, wáyà, ikán, gbogbo rẹ̀ ni a lè kó jọ ká sọ iye tí yóò ná wa. Ṣùgbọ́n kọ̀rọ̀ òsì yẹn, n kò lè dá iye lé e, nítorí a kò tíì mọ ohun tó ń fà á. Àìsàn tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, ta ló ń díye oògùn rẹ̀? Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi láàyè díẹ̀ sí i.

Ohun tí mẹ́gáàdì mọ̀

Nígbà tí mo ń gun òrùlé, ìyàwó ti bọ́ sí ojúlé kejì, ó ń bá bàbá mẹ́gáàdì ibẹ̀ sọ Hausa. Kò bi í léèrè ọ̀rọ̀ ilé. Ó bi í bí dàmínà, ìyẹn ìgbà òjò, ṣe ń rí ní àdúgbò. Bàbá náà sì ṣàlàyé láìfi nǹkan pamọ́: omi máa ń ti orí òkè wá, yóò gba ẹ̀yìn àwọn ilé yìí, ibi tí fẹ́ǹsì wà yìí gan-an ló sì ti ń ṣàn tẹ́lẹ̀. Nígbà òjò tó kọjá, wọ́n lu ihò sí ìsàlẹ̀ fẹ́ǹsì kí omi lè rọ́nà jáde. Lẹ́yìn òjò, wọ́n tún un dí.

Mo ti rí àwọn búlọ́ọ̀kù tuntun ní ìsàlẹ̀ fẹ́ǹsì yẹn, mo sì ti kọ wọ́n sílẹ̀ láìmọ ohun tí wọ́n wà fún. Ọ̀rọ̀ bàbá ló so wọ́n pọ̀ mọ́ iyọ̀ ara ògiri àti sókàwè tó kún.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ṣí Google Earth lórí kọ̀ǹpútà, mo lọ sí apá tó ń fi àwòrán àtẹ̀yìnwá hàn. Ẹni tó bá ń yẹ ilé wò tí kò lo apá yìí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ojú ara rẹ̀, nítorí ọ̀fẹ́ ni. Nínú àwòrán àtijọ́, koríko tútù kan gùn gbọọrọ, ó yípo díẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìn ibi tí ilé náà wà báyìí. Ipa omi nìyẹn. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti da ilẹ̀ pupa bò ó. Ìgbà tó yá ni òrùlé fara hàn. Títí 2018 fi parí, kò sí ilé kankan lórí ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ Mpape mì nígbà tí ilé yìí kò tíì sí láyé.

Mo fi àwòrán wọ̀nyẹn han ọkọ. Ó dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ló ní, "Ká wá gbẹ́ ẹ wò, ká lè mọ̀ dájú."

Kòtò

Kòtò wíwò kì í ṣe ohun tí onílé ń gbà fún èèyàn lásán. Ohun tó jẹ́ kó gbà ni pé a kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwa la ó dí i, àwa la ó sì san owó rẹ̀. A pe injiníà ilé tó ní ìwé COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn injiníà sílẹ̀, wá, nítorí iṣẹ́ tèmi kò dé ibi tí màá fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ gbẹ́ kòtò méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan ní kọ̀rọ̀ òsì ẹ̀yìn. Ti iwájú, díígà ń ta padà lórí ilẹ̀ pupa líle, irú èyí tó wọ́pọ̀ ní Àbújá. Ti ẹ̀yìn, ṣọ́bìrì nìkan tó. Ìpìlẹ̀ parí níbi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan, a sì wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀: iyẹ̀pẹ̀ rírọ̀, ọ̀rá omi pure water, búlọ́ọ̀kù tó fọ́, àti ẹyọ sílípáàsì ọmọdé kan tí okùn rẹ̀ ti já. Injiníà ti irin gígùn kan wọlẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ nìkan, irin náà sì ń lọ.

Ọ̀rọ̀ yé gbogbo wa. Ìdajì ilé dúró lórí ilẹ̀ tí Ọlọ́run dá, ìdajì dúró lórí ohun tí tírélà dà sójú odò. Ní gbogbo ìgbà òjò, omi a gba abẹ́ ìdajì kejì kọjá, a kó iyẹ̀pẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, kọ̀rọ̀ náà a sì tún rì. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Onílé dúró lẹ́bàá kòtò, ó ń wo sílípáàsì yẹn. Ó ní, "Èmi náà, bí wọ́n ṣe tà á fún mi nìyẹn." Mo gbà á gbọ́. Ó ra ilé tó ti parí, kò rí ìpìlẹ̀ rí.

Lọ́yà wọn ti ń ṣe ìwádìí lórí ìwé ilẹ̀ ní AGIS, ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Àbújá, láàárín ìgbà yẹn. Ní Àbújá, ìjọba àpapọ̀ ló ni ilẹ̀, mínísítà olú-ìlú ló ń fọwọ́ sí C of O, ìwé ẹ̀rí pé èèyàn ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀. Lẹ́tà ẹ́sítéètì lásán kò tó ìwé tí a lè sùn lé. Ìwé ilẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ ẹ́sítéètì náà wà lóòótọ́, ilé yìí ni kò ní ìwé tirẹ̀. Pabanbarì rẹ̀ ni pé nínú àwòrán ìlú, ojú omi ni ìlà tó gba ẹ̀yìn ilé, fẹ́ǹsì sì ti wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ìlú yìí mọ ohun tí àmì pupa àwọn Development Control, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ìkọ́lé, ń túmọ̀ sí lára ògiri tó bá dí ọ̀nà omi: wọ́n lè wá wó o.

Injiníà ní a lè fi kọ́ńkéré ti ìpìlẹ̀ náà lẹ́yìn dé ilẹ̀ líle. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀, kò sì lè yí ọ̀nà omi padà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ fẹ́ǹsì di ohun tó bá òfin mu. Nínú ìwé tí mo fún tọkọtaya náà, mo kọ ọ́ kedere pé kí wọ́n má ra á, ní iye yòówù. Ọkọ ka ìwé náà tán, ó ka á lẹ́ẹ̀kejì. Ìyàwó sunkún díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kíṣíìnì yẹn ni mo ń rò." Kò sí ìdáhùn tó dáa sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, mo kàn jókòó tì wọ́n.

Nínú August, wọ́n pè mí wá wo ilé oníyàrá méjì kan ní Kubwa. Òjò ń rọ̀ bí a ṣe dé, wọ́n fẹ́ sún un di ọjọ́ mìíràn, mo ní rárá o. Ọ̀dà ilé náà ti ṣí, kíṣíìnì rẹ̀ kò ju apá lọ, àjà jò ní ibi kan tí gbogbo wa fi ojú rí. Ilẹ̀ rẹ̀ le, omi sì ń ṣàn kúrò lára rẹ̀ lọ sí títì. Wọ́n yọ owó òrùlé kúrò, wọ́n rà á.

Fún àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí

Ọ̀dà tuntun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ń ta ilé ní láti kùn ún. Ọ̀dà tó jẹ́ tuntun ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ la gbọ́dọ̀ bi léèrè: ìdajì ògiri, ẹsẹ̀ àjà kan, ẹ̀yìn wọ́dúróòbù, ìsàlẹ̀ fẹ́ǹsì.

Ẹ má fún ojú sísán ní orúkọ kí ẹ tó mọ ọjọ́ orí ilé. Láti 2018, ìmìtìtì Mpape ti di àwáwí fún ògiri tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kódà ní àdúgbò tó jìnnà. Ẹ wá ọjọ́ ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ẹ wo àwòrán àtẹ̀yìnwá, ẹ bi ará àdúgbò. Bí àyè bá wà, ẹ fi ìlẹ̀pa tínrín lẹ orí ibi tó sán, ẹ kọ déètì sí i. Bí ìlẹ̀pa bá já láàárín oṣù díẹ̀, ilé ṣì ń rìn.

Mẹ́gáàdì, obìnrin tó ń ta kósè (àkàrà) ní ìta, ọmọ Gbagyi tó ni oko ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀: àwọn wọ̀nyí ti rí ilẹ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó ya àwòrán ilé sórí rẹ̀. Bí ẹ kò bá gbọ́ èdè wọn, ẹ mú ẹni tó gbọ́ dání, kí ẹ sì bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ òjò dípò ọ̀rọ̀ ilé. Ẹni tí a bá bi nípa ilé a rò pé wọ́n fẹ́ kí òun ba ọjà ẹlòmíràn jẹ́. Ẹni tí a bá bi nípa òjò a sọ ohun tójú rẹ̀ rí.

Ejẹ́ǹtì ọjọ́ náà fẹ́ fi nǹkan sí mi lọ́wọ́ kí n lè mú ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ yẹn rọrùn nínú ìwé. Mo dá a padà lójú tọkọtaya náà, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé náà. Ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ ra ilé nìkan ni owó àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ ti wá, kí a sì gbà á kí a tó rí ilé, yálà wọn yóò rà á tàbí wọn kò ní rà á.